Ọmọ Ológbò Gbọ́ Yorùbá, Tèmi Ní Òun Ò Sọ

"Ẹ sọ fún Grandma kí wọ́n máa bá mi sọ Gẹ̀ẹ́sì." Ọmọ mi obìnrin ló sọ bẹ́ẹ̀ lójú oúnjẹ lálẹ́ àná, níbí nílé ìyá mi ní Ìsìkàn, Àkúrẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́ o. Èmi ni mo bá a fi "ẹ" àti "wọ́n" sí i kó má baà le jù létí ẹ̀yin tí ẹ ń kà á.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ìyá mi ò ní kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn. Ẹni tó ti ń ta ẹ̀wà àti gààrí ní Ọjà Ọba kí wọ́n tó bí àbúrò mi, kò sí èdè tí oníbàárà fi bú u rí tí kò yé e. Wọ́n kàn bu ẹja kún àwo rẹ̀, wọ́n ní, "Jẹun, Àṣàkẹ́." Ó jẹun. Èmi ni oúnjẹ kò gba ọ̀nà ọ̀fun mi mọ́.

Mo ti ń múra ọ̀rọ̀ bàbá sọ́mọ sílẹ̀ nígbà tí ọmọ ológbò kan já bọ́ láti orí aṣọ fèrèsé sínú abọ́ omi ìfọwọ́. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì kọjá. Àwọn ọmọ ológbò yìí ni mo fẹ́ kọ̀wé lé lórí, kì í ṣe ọmọ mi, ṣùgbọ́n ẹ máa rí i pé n ò rí wọn yà sọ́tọ̀.

Ọdún Kérésì la wá ṣe láti England. Ẹ jẹ́ n fi ti ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀yin náà ti gba ibẹ̀ rí. Kí wọ́n tó já ẹrù wa tán ni àbúrò mi ti ń sọ pé ológbò ṣọ́ọ̀bù bímọ sẹ́yìn àpò gààrí. Mẹ́rin ni. Ìyá mi kó wọn wálé láti ọjà kí èrò ọdún má baà tẹ̀ wọ́n pa. Wọ́n ti lé ní oṣù kan, wọ́n ti ń sáré, ojú wọn ṣì ní àwọ̀ búlúù tí ọmọ ológbò máa ń ní kí àwọ̀ gidi tó dé. Láti ọjọ́ náà, ọmọ mi ò béèrè Wi-Fi lọ́wọ́ mi mọ́.

Tí ẹ ò bá tíì bá ọmọ ológbò gbélé rí, ìdájí ni ogun ń bẹ̀rẹ̀. Ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ni ara wọn máa ń yá jù, torí ìgbà náà ni ohun tí wọ́n ń dọdẹ ń jáde. Lọ́sàn-án, ẹ máa rò pé ilé kò ní nǹkan kan nínú. Ológbò lè sun wákàtí 16 lóòjọ́, àwọn kékeré tilẹ̀ ń sùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́, ìka ẹsẹ̀ mi tó bá yọ lábẹ́ aṣọ ìbora ti di èkúté. Bí ìyá mi bá mú ìgbálẹ̀ láti gbá àgbàlá, èyí tó ní funfun láyà a ba sílẹ̀ lẹ́yìn kẹ́ẹ̀gì omi, a mi ìdí lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, a wá fò mọ́ orí ìgbálẹ̀. Ìyá mi kì í dúró. Wọn a máa gbálẹ̀ wọn lọ, ológbò a máa wọ́ tẹ̀lé ìgbálẹ̀, eruku ọyẹ́ a bo àwọn méjèèjì. Wọ́n ní òun nìkan ló ń bá àwọn gbálẹ̀ nínú gbogbo ẹni tó wà nílé báyìí, wọ́n sì wo ìyàwó mi bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé inú kóńgò ló ń sùn. Oníbàárà kan wá ra ẹ̀wà nílé lọ́jọ́ Àìkú. Ìyá mi wo kóńgò, wọ́n wo oníbàárà, wọ́n ní kó jókòó díẹ̀ kí ọmọ náà jí. Ìyá mi! Ìyá tó jẹ́ pé bí mo bá sùn kọjá aago mẹ́fà nígbà tí mo wà lọ́mọdé, omi tútù ló ń jí mi.

Wàhálà wọn náà ò kéré. Aṣọ fèrèsé pálọ̀ ti di jálajàla. Àbúrò mi ń ránṣọ, a ò sì lè fi òwú sílẹ̀ mọ́: ahọ́n ológbò ní ẹ̀gún wẹ́wẹ́ tó kọjú sẹ́yìn, òwú tó bá há síbẹ̀ kì í ṣeé tu dànù, gbígbé mì ló kù, ó sì lè fa ìfun rẹ̀ jọ bí ó bá dé inú. Ọmọ mi tú mílíìkì agolo fún wọn nítorí pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí i nínú ìwé àwòrán. Ikùn wọn ò gba mílíìkì màlúù. N ò ní ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí kápẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan tún bù ú jẹ lọ́wọ́ níbi eré, eyín wọn mú bí abẹ́rẹ́. Ìyá mi ní epo pupa ni ká fi pa á. A fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, a tún gbé e lọ gba abẹ́rẹ́, torí dìgbòlugi kì í ṣe eré, bó bá ti fara hàn lára ènìyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ń yè é. A sì tún fi epo pupa náà pa á nígbà tí a padà dé. Ta ló fẹ́ bá ìyá mi jà?

Aládùúgbò kan tilẹ̀ wá kìlọ̀ fún wa nípa èyí tó dúdú. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó sọ. Ìyàwó mi ọmọ Ọ̀ǹdó ni, ó ní nílé àwọn, kì í ṣe ológbò ni ẹran tí ènìyàn ń fi ojú ṣọ́. Mo ní kó fi lókìlí, ẹran ajá wọn, sílẹ̀ níbẹ̀, ọmọ ń gbọ́.

Lọ́hùn-ún ńkọ́? Láti ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà 2024, òfin ní England ni pé kí ológbò tó pé ọ̀sẹ̀ 20, wọ́n gbọ́dọ̀ ti fi ẹ̀rọ ìdánimọ̀ kékeré sábẹ́ awọ rẹ̀, kí orúkọ olówó rẹ̀ sì wà nínú ìwé. Ẹni tí kò bá ṣe é lè san owó ìtanràn tó £500. Ológbò aládùúgbò wa ní dókítà, ó ní ìbánigbófò, oúnjẹ rẹ̀ lọ́tọ̀ fún ọmọdé, lọ́tọ̀ fún àgbà. Iyanrìn ni wọ́n ń rà fún un láti yàgbẹ́ sí. Ẹ jẹ́ n tún un sọ: iyanrìn. Wọ́n ń rà á. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ìyá mi, wọ́n ní kí n máa dín irọ́ kù, àsìkò Kérésì la wà.

Wọ́n bi mí pé èkúté mélòó ló ń pa. Mo ní kò pa èkúté kankan.

"Kí ló wá ń ṣe?"

Mo ní ó máa ń jókòó, ó máa ń wo ìta láti ojú fèrèsé.

"Ṣebí iṣẹ́ tí ìwọ náà ní ò ń ṣe nìyẹn ní gbogbo ìgbà òtútù."

Kí n padà sórí èdè. Ọjọ́ tí a dé, ọmọ mi kúnlẹ̀ lẹ́bàá wọn, ó ń pe "kitty, kitty" títí ohùn fi fẹ́ há. Ẹnikẹ́ni ò dá a lóhùn. Ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún méje, dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ní "Músù, músù, ẹ wá jẹun!" Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin já láti igun mẹ́rin. Kò sí idán níbẹ̀. Ní 2019, àwọn olùwádìí ní Japan fi hàn pé ológbò inú ilé mọ orúkọ ara rẹ̀ yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ mìíràn, kódà bí ẹni tí kò mọ̀ rí ló pè é. Ti ìyá mi ò tilẹ̀ ní orúkọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti ń jẹun, "wá jẹun" ti túmọ̀ sí orí ẹja títù. Èdè wo ni wọn ò ní gbọ́?

Òwúrọ̀ yìí, mo ń fọ eyín lẹ́yìn ilé, mo gbọ́ ohùn kan lẹ́bàá ilé ìdáná: "Músù, wá jẹun. Má jà. Ìwọ, ó tó. Ó tó!" Mo rò pé ọmọ àbúrò mi ni. Mo yọjú. Ọmọ mi ni, tó kúnlẹ̀ nínú eruku pẹ̀lú orí ẹja lọ́wọ́. Ohùn rẹ̀ gun ibi tí kò yẹ, ó sì sọ̀ níbi tó yẹ kó gùn, àwọn ológbò sì ń jẹun wọn. Bó ṣe rí mi, ó pa ẹnu dé.

Mo bi í, jẹ́jẹ́, pé kí ló dé tó ń bá ológbò sọ ọ́ tí kì í bá ìyá mi sọ ọ́.

Ó ní, "Wọn kì í fi mí rẹ́rìn-ín."

Mo mọ ohun tó ń sọ. Ìgbà tí a wálé ṣáájú eléyìí, ọmọ ọdún mẹ́fà ni, a lọ síbi ìkómọ kan. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, ẹnikẹ́ni ò rán an. Ohùn rẹ̀ ṣi ilé, ìkíni náà sì di ọ̀rọ̀ mìíràn tí n ò lè kọ síbí. Gbogbo àgọ́ pariwo. Ẹnìkan ní kó tún un sọ, ó rò pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ni, ó tún un sọ. Ẹnìkan ti ń fi fóònù gbà á sílẹ̀. Títí di òní, bí WhatsApp ẹbí bá ti dákẹ́ jù, ẹnìkan a tún gbé fídíò yẹn jáde, àwọn náà ló sì tún ń pè wá láti béèrè pé kí ló ṣe ọmọ yìí tí kì í sọ Yorùbá.

Kò sí ẹni tó fi ìkà rẹ́rìn-ín nínú wọn, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ bó ṣe ń rí lára náà. Ọ̀gá kan wà níbi iṣẹ́ mi lọ́hùn-ún tó máa ń ní kí n tún ọ̀rọ̀ mi sọ níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, a fi etí sílẹ̀, a rẹ́rìn-ín músẹ́, a wá fi ohùn tirẹ̀ tún un sọ fún wọn. Ó pẹ́ tí mo ti ń jókòó nínú ìpàdé láì sọ nǹkan kan. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àyẹ̀wò mi pé kí n máa dá sí ọ̀rọ̀.

Èyí tó ní funfun láyà ni ọmọ mi fẹ́ gbé lọ. Ó ti sọ fún ìyá rẹ̀, ó ti sọ fún àbúrò mi, èmi ló sọ fún kẹ́yìn. Mo jókòó sí ìloro, mo ka òfin rẹ̀ lórí fóònù. Kí ológbò tó kúrò ní Nàìjíríà wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ ìdánimọ̀ sí i lára. Ó gbọ́dọ̀ pé ọ̀sẹ̀ 12 kó tó gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Lẹ́yìn ọjọ́ 30, ó kéré tán, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ síbi tí ìjọba fọwọ́ sí fún àyẹ̀wò. Bí ẹ̀jẹ̀ bá yege, yóò tún dúró fún oṣù mẹ́ta láti ọjọ́ tí wọ́n gbà á. Kò sì lè jókòó lẹ́sẹ̀ wa nínú bàálù. Ọkọ̀ wa tó ń lọ sí Èkó, Sátidé ni.

Mo ka gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi ní Yorùbá, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fara balẹ̀ gbọ́. N ò mọ ohun tó wà lọ́kàn wọn àfìgbà tí wọ́n béèrè pé, "Bó bá wá ṣe gbogbo ẹ̀ pé ńkọ́?"

Mo ní á wọlé nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ka ohun tí mo ń kọ mọ̀ pé ìyá mi béèrè físà ìbẹ̀wò. Ìyá ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, tó ní ilé ní Ìsìkàn, tó ní ṣọ́ọ̀bù, tó ní oko kòkó tí bàbá wa fi sílẹ̀, tó jẹ́ ìyá ẹgbẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. A kó ìwé báńkì sílẹ̀, a kó ìwé ilẹ̀ sílẹ̀, mo kọ lẹ́tà ìpè. Èsì tó wá ni pé kò dá àwọn lójú pé wọ́n á padà sílé. Owó tí a san ò padà. Ìgbà tí ìyàwó mi bí ọmọ kejì wa, ẹni tí a sanwó fún ló wá bá wa wẹ ọmọ, ìyá mi ń wò ó lórí fóònù, wọ́n ń pariwo pé kò di orí ọmọ náà mú dáadáa. Àtìgbà náà, bí mo bá tún dárúkọ físà, wọn a ní kí n bi àwọn léèrè nǹkan mìíràn.

Ìyá mi gbé ológbò náà lé itan. Wọ́n ní, "Wọn ò ní bi í bóyá yóò padà?"

Mo ní wọn kì í bi ológbò.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni wọ́n wí. Wọ́n ní kó dúró sọ́dọ̀ àwọn ṣáá, èkúté ti pọ̀ jù ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn obìnrin mẹ́ta tí wọ́n jọ ń ta ẹ̀wà ti sọ pé àwọn fẹ́ àwọn yòókù, òun nìkan ló sì kù fún wọn. Wọ́n pe ọmọ mi wá láti wá gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn fúnra wọn. Ní Yorùbá. Ó dúró, ó gbọ́ ọ tán, ó sunkún, ó sì bi wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì bóyá àwọn á máa fún un ní orí ẹja. Ìyá mi ní kó lọ béèrè lọ́wọ́ ológbò.