Ẹ fọwọ́ ara yín ka wákàtí yín: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lóko tòmátì ní Ọsirélíà

Tí mo bá ti sọ pé mo lo físà tó ń fún ọ̀dọ́ láǹfààní láti ṣiṣẹ́ kó sì tún rìn kiri ní Ọsirélíà, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń bi mí ni, “Ṣé iṣẹ́ wà níbẹ̀?” Iṣẹ́ wà. Ohun tó yẹ kéèyàn béèrè ni bí wọ́n ṣe ń ṣírò owó iṣẹ́ ọ̀hún, àti ẹni tó ń ṣírò rẹ̀.

Kí n yára sọ èyí ná. Ìwé ìrìnnà tó wà lọ́wọ́ yín ló máa sọ bóyá físà yìí kàn yín. Ìwé ìrìnnà Britain lèmi ní. Àwọn orílẹ̀-èdè tí Ọsirélíà bá ṣàdéhùn nìkan ni wọ́n ń fún ní físà yìí, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 417 tàbí 462, Nàìjíríà kò sì sí nínú wọn. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ mówó wá kóun fi ìwé ìrìnnà Nàìjíríà gbà á fún yín, gbájúẹ̀ ni, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Ẹni tó bá lẹ́tọ̀ọ́ sí i gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 18, kó má sì tíì ju 30 lọ, àmọ́ wọ́n ti sún un dé 35 fún àwọn kan, bí ará Britain, Faransé àti Ireland. Wọ́n máa fẹ́ rí i pé ẹ ní nǹkan bíi 5,000 dọ́là Ọsirélíà nípamọ́, pẹ̀lú owó ọkọ̀ tí ẹ máa fi kúrò níbẹ̀. Ọdún kan ni físà náà, òkèèrè lẹ sì ti máa béèrè fún ti àkọ́kọ́.

Ọ̀pọ̀ máa ń dúró sí Sydney tàbí Melbourne, wọ́n á máa gbé oúnjẹ fún oníbàárà nílé oúnjẹ. Èmi gba oko lọ, ní Bundaberg, ìpínlẹ̀ Queensland. Nígbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ ọdún kejì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ ọjọ́ 88, irú èyí tí ìjọba yàn, lóko tàbí láwọn ìgbèríko. Láti ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2024, wọ́n ti bọ́ àjàgà yẹn lọ́rùn àwa tá a ní ìwé ìrìnnà Britain, ṣùgbọ́n ó ṣì wà lọ́rùn ará Jámánì, Japan àti Taiwan. Ibẹ̀ gan-an ni ìrẹ́jẹ ti ń ráyè wọlé. Ẹni tí ọjọ́ 88 rẹ̀ kù díẹ̀ kó pé kì í fẹ́ bá ọ̀gá fa ọ̀rọ̀, ọ̀gá náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Hósítẹ́ẹ̀lì ló sábà máa ń bá èèyàn wáṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ ó san owó ibùsùn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ ó tún san owó kan tí wọ́n ní àwọn máa dá padà, wọ́n á ní iṣẹ́ ń bọ̀ lọ́la. Bí òjò bá rọ̀, oko á dákẹ́, àmọ́ owó ibùsùn ò mọ̀ pé òjò rọ̀. Ẹ má sanwó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ ṣíwájú. Kẹ́ ẹ tó san ìyẹn pàápàá, ẹ wọ ilé ìdáná wọn lọ, kẹ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń dáná níbẹ̀ pé ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹnu wọn lẹ ti máa gbọ́ òdodo, kì í ṣe lẹ́nu ẹni tó jókòó sídìí káńtà.

Tòmátì la máa ń ká. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí bọ́ọ̀sì á ti kó wa débẹ̀. Ewé tòmátì ní oje kan tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Á kọ́kọ́ rí bí ewé, tó bá yá á dúdú kirikiri, ọṣẹ ò sì ní ran án. Àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ ló kọ́ mi pé kí n fún tòmátì tútù sí i, oje rẹ̀ á ṣí i kúrò. Orí ìnàró lèèyàn máa wà látàárọ̀, kòròbá á kún, a ó gbé e dé ẹ̀yìn katakata, ọmọṣẹ́ kọngílá tó gbà wá síṣẹ́ á fa ìlà kan sínú ìwé rẹ̀. Nígbà míì á wo kòròbá, á ní kò kún, kò ní fa ìlà kankan.

Iye kòròbá ni wọ́n fi ń sanwó. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 2022, òfin ti sọ pé bí kòròbá ẹnì kan ò bá tiẹ̀ pọ̀, owó rẹ̀ fún ọjọ́ yẹn kò gbọ́dọ̀ kéré sí iye tó kéré jù tí òfin là sílẹ̀ fún wákàtí tó fi ṣiṣẹ́. Nítorí náà, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa kọ wákàtí sílẹ̀. Kọngílá tiwa ò kọ ọ́.

Ọmọbìnrin kan láti Taiwan tá a jọ ń ká tòmátì ló ń kọ ọ́. Ìwé pélébé kan ló ní, tó so mọ́ àpò rẹ̀: aago tá a bẹ̀rẹ̀, aago tá a sinmi, aago tá a ṣíwọ́, iye kòròbá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tèmi náà, mo sì ń fi fóònù ya àwòrán ìwé ọmọṣẹ́ kọngílá nírọ̀lẹ́. Nígbà tí owó wọlé tí kò pé, a jọ jókòó ṣírò rẹ̀, ó pe iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́, Fair Work Ombudsman. Ọ̀fẹ́ ni, wọ́n sì máa ń wá ògbufọ̀ sórí fóònù fún ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì ò yọ̀ mọ́ lẹ́nu. Wọ́n ní ká kọ̀wé sí agbanisíṣẹ́ náà ná, ká kọ ìṣirò wa síbẹ̀. A ṣe bẹ́ẹ̀. Kọngílá ráhùn, ó pariwo, ó san ìyókù. Kò sí ohun tó fà á ju ìwé pélébé yẹn lọ. Àwọn tí ò kọ nǹkan kan sílẹ̀, tí wọ́n jìyà ju àwa méjèèjì lọ, ò rí nǹkan kan gbà, ó sì ń dùn mí di báyìí.

Lórí owó orí: ẹ gba nọ́ńbà owó orí, TFN, lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ ìjọba, ọ̀fẹ́ ni. Bí agbanisíṣẹ́ bá ti forúkọ sílẹ̀ láti gba àwọn onífísà yìí, sẹ́ǹtì 15 ni wọ́n máa yọ nínú dọ́là kọ̀ọ̀kan títí dé 45,000 dọ́là. Pay slip, ìyẹn ìwé tó ń fi bí wọ́n ṣe ṣírò owó iṣẹ́ yín hàn, gbọ́dọ̀ tẹ̀ yín lọ́wọ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ kan lẹ́yìn tí wọ́n bá sanwó. Ọ̀gá tó bá ní owó ọwọ́ lòun máa ń san, tí kì í fún èèyàn ní pay slip, ẹ sá fún un, bó ti wù kí owó rẹ̀ dùn tó. Ọ̀gá tún gbọ́dọ̀ máa fi owó ìfẹ̀yìntì sí àpò kan fún yín. Ẹ lè béèrè rẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti kúrò níbẹ̀ tí físà sì ti parí, àmọ́ ìjọba máa yọ 65 nínú 100. Ìyẹn dùn mí, síbẹ̀ mo gba èyí tó kù. Ẹ kọ orúkọ ilé owó ìfẹ̀yìntì yẹn àti nọ́ńbà yín síbì kan kẹ́ ẹ tó kúrò lóko kọ̀ọ̀kan, torí bẹ́ ẹ bá ti délé, ta ni máa bá yín wá a?

Ìwé ìrìnnà yín ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó, kí wọ́n ya ẹ̀dà rẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbà á padà lójú ẹsẹ̀. Níbikíbi tí wọ́n bá ti ní àwọn máa bá yín tọ́jú rẹ̀ títí iṣẹ́ á fi parí, ẹ di ẹrù yín lálẹ́ ọjọ́ yẹn.