Bí mo ṣe mú ìyá mi rin ilé ẹja ńlá Atlanta já

Ní Sátidé tó kọjá, aládùúgbò wa kan ní Òkè-Fìà, ní Òṣogbo, yà sílé mi. Àbúrò rẹ̀ tó ń gbé ní Atlanta fẹ́ mú ìyá wọn, tí yóò rìnrìn àjò lọ sí Amẹ́ríkà lóṣù tó ń bọ̀, lọ wo ilé ẹja ńlá tó wà ní ìlú náà, ó sì ti gbọ́ pé mo mú ìyá tèmi lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní ọdún 2019. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, báwo ni àgbàlagbà ṣe ń rin ibẹ̀ já?" Mo dá a lóhùn bí mo ṣe lè ṣe é lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà pọ̀ ju ohun tí a ń sọ lórí ìdúró lọ, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́.

Georgia Aquarium ni orúkọ ibẹ̀. Oṣù kọkànlá ọdún 2005 ni wọ́n ṣí i, oṣù mẹ́rin péré lẹ́yìn tí àjọ UNESCO fi Igbó Ọ̀ṣun tiwa sínú àkójọ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé, nítorí náà ọdún náà kò ṣòro fún mi láti rántí. Bernie Marcus, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ilé ìtajà Home Depot sílẹ̀, ló fi mílíọ̀nù 250 dọ́là sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Omi inú àwọn táǹkì rẹ̀ ju mílíọ̀nù 11 gálọ́ọ̀nù lọ, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní Ocean Voyager, gba mílíọ̀nù 6.3. Ẹni tí kò bá fi èyí sọ́kàn yóò ṣe irú àṣìṣe tí mo ṣe ní ọjọ́ kìíní.

Ní ọjọ́ náà, ẹnu ọ̀nà tí ojú wa kọ́kọ́ rí ni a gbà wọlé. A dúró níwájú gbogbo gíláàsì, títí kan àwọn tí ẹja inú wọn kò ju ìka ọwọ́ lọ. Èmi ń túmọ̀ ohun tí wọ́n kọ sára ògiri fún ìyá mi, ọmọ àbúrò mi sì ń ya fọ́tò. Nígbà tí yóò fi tó wákàtí méjì, orúnkún ìyá mi, tó ti fi ohun tó lé ní ogójì ọdún ta ẹja ní Ọjà Ọba, ti ń ro ó. Ọ̀sán gangan ni a dé iwájú Ocean Voyager, àwọn ọmọ ilé ìwé sì ti kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Kò ríbi jókòó, kò sì rí ju ẹ̀yìn orí àwọn ènìyàn lọ. Ó dùn mí gan-an, nítorí ohun tó wà níbẹ̀ ni mo torí rẹ̀ mú un wá.

Kí a tó padà lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo wá àwòrán ilé náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì rí i pé bí agboolé àtijọ́ ni ètò rẹ̀ rí. Gbọ̀ngàn fífẹ̀ kan wà láàárín tó dà bí àgbàlá, inú rẹ̀ sì ni ẹnu ọ̀nà ibùgbé àwọn ẹja náà ṣí sí, gẹ́gẹ́ bí yàrá àwọn ìyàwó ilé ṣe máa ń kọjú sí àgbàlá baálé. Ènìyàn kò lè ṣìnà níbẹ̀ bí ó bá ti ń padà sí àgbàlá yìí kí ó tó wọ ẹnu ọ̀nà mìíràn. Ohun tó ń da ọ̀nà rú mọ́ni lójú ni pé inú àwọn ibùgbé náà ṣókùnkùn, ọ̀nà inú wọn a sì máa lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá yíjú padà láàárín ọ̀nà kò ní mọ apá ibi tí òun ti wá mọ́. Mo wá sọ fún ọmọ àbúrò mi pé bí a bá já ara wa sílẹ̀, kí ó má ṣe wá wa kiri. Kí ó lọ dúró sí àgbàlá.

Àárọ̀ ni a dé lọ́jọ́ kejì yìí. A yá àga onítáyà fún ìyá mi, a kò sì wo ọ̀tún wo òsì tí a fi wọ Ocean Voyager. Ọ̀nà abẹ́ omi kan wà níbẹ̀ tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 100, tí ẹja ń lúwẹ̀ẹ́ lókè àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Apá kan ilẹ̀ ọ̀nà náà ń gbé ènìyàn lọ fúnra rẹ̀. Apá tí kò rìn ni kí ẹ gbà, kí ẹ lè dúró níbi tó bá wù yín. Ẹ óò wá dé iwájú fèrèsé ńlá tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 23, tó fẹ̀ ní 61, tó sì nípọn ní ẹsẹ̀ bàtà 2. Níbẹ̀ ni kí ẹ gbé àga àgbàlagbà yín sí.

Ẹja tí wọ́n ń pè ní whale shark wá kọjá níwájú wa. Orúkọ yìí máa ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà, nítorí kì í ṣe àbùùbùtán rárá. Ẹja ni, òun ló sì tóbi jù lọ nínú gbogbo ẹja ayé, bẹ́ẹ̀ ohun wẹ́wẹ́ tó ń léfòó nínú omi ló ń jẹ. Láti Taiwan ni wọ́n ti fi ọkọ̀ òfurufú gbé irú rẹ̀ wá. Ìyá mi tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó ní, "Ọ̀rẹ Yèyé o!" Ọmọ Òṣogbo kò ní béèrè ìdí rẹ̀, nítorí ìtàn bí Láróòyè, ọba àkọ́kọ́ ìlú wa, ṣe tẹ́wọ́ gba ẹja lọ́wọ́ Ọ̀ṣun, tí oyè Àtàọ́ja tí ọba wa ń jẹ fi jẹyọ, ni wọ́n fi tọ́ wa dàgbà. Ó tó wákàtí kan tí a fi wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lé wa.

Lẹ́yìn èyí, ẹ padà sí àgbàlá. Bí agbára bá kù, ẹ yà sí apá odò, níbi tí omi ti ń gba òkè orí ẹni kọjá. Ẹja odò ilẹ̀ Áfíríkà wà níbẹ̀, ìyá mi sì mọ̀ wọ́n jù mí lọ. Àbùùbùtán funfun wà ní apá omi tútù. Apá ekurá tí wọ́n ṣí ní ọdún 2020 kò tíì sí nígbà tiwa. Tíkẹ́ẹ̀tì máa ń ní ọjọ́ àti wákàtí ìwọlé lára, nítorí náà kí àbúrò aládùúgbò wa ra ti àárọ̀ kùtù. Eré àwọn dọ́fíìnì ní wákàtí tirẹ̀ pẹ̀lú, ẹ wò ó ṣáájú kí ó má baà gé ìrìn yín sí méjì. Àwa kò dé ọ̀dọ̀ dọ́fíìnì lọ́jọ́ náà, ìyá mi kò sì béèrè wọn.