Barossa kì í ṣe tàwọn ọ̀mùtí nìkan o

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí pé kí lèmi tí ife kan ti máa ń tó ń wá lọ sí Barossa Valley, ó yá, ẹ gbọ́. Ìpínlẹ̀ South Australia lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà ló wà, tẹ́ ẹ bá gbéra n'Adelaide, olú ìlú ìpínlẹ̀ náà, ẹ ò ní lò ju bíi wákàtí kan lọ lójú ọ̀nà, kẹ́ ẹ tó mọ̀ ọgbà àjàrà ti gba ọ̀tún gba òsì, àárín wọn làwọn ìlú kéékèèké bíi Tanunda, Angaston àti Nuriootpa wà. Wáìnì wọn dáa, mi ò jiyàn, Shiraz wọn, ìyẹn wáìnì pupa tí wọ́n ń fi irú àjàrà kan tó ń jẹ́ orúkọ yẹn ṣe, dúdú ó sì lágbára, àmọ́ ọjọ́ orí àwọn nǹkan tó wà níbẹ̀ ló jọ mí lójú jù.

Àwọn Peramangk, Ngadjuri àti Kaurna ló nilẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Àwọn Jámánì onísìn Luther wá dé, ọba Prussia ló fẹ́ fipá yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sìn padà ni wọ́n bá fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, wọ́n sì dó sí Bethany lọ́dún 1842. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa rí sọ́sééjì Jámánì tí wọ́n ń pè ní mettwurst káàkiri ibẹ̀ dòní, ó dùn o, iyọ̀ inú ẹ̀ ló pọ̀ díẹ̀.

Ní Tanunda, ọgbà kan wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ wáìnì Langmeil, 1843 ni wọ́n gbin Shiraz inú ẹ̀, ó sì ń so títí di ìsinsìnyí! Mo dúró wo ìdí igi yẹn dáadáa, ó ki, ó lọ́ pọ̀, èèpo ẹ̀ ń ṣí kúrò lára ẹ̀, ẹ ò ní gbà pé ewé tútù lè jáde níbẹ̀. Kòkòrò kan tó ń jẹ́ phylloxera, tó máa ń jẹ gbòǹgbò àjàrà, ló run ọ̀pọ̀ oko àjàrà ní Faransé àti káàkiri Yúróòpù láyé ọjọ́un, ó tiẹ̀ dé Victoria tó múlé gbè wọ́n, ṣùgbọ́n kò wọ South Australia rí. Nítorí ẹ̀ ni wọn kì í fi í fẹ́ kí àlejò kàn máa fi bàtà rìn wọ àárín oko, torí kòkòrò lè bá iyẹ̀pẹ̀ ìdí bàtà wọlé. Igi tó bá ti pé ọdún 125, wọ́n ní baba ńlá nìyẹn, ó sì tọ́ sí i jàre.

Iléeṣẹ́ wáìnì Seppeltsfield wá ni kẹ́ ẹ rí. 1851 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ọ̀pẹ ló tò sí ojú ọ̀nà ibẹ̀, ó lé ní 2,000, kì í ṣe ọ̀pẹ tiwa tó ń so ẹyìn o. Lọ́dún 1878 Benno Seppelt, ọmọ ẹni tó dá a sílẹ̀, gbé àgbá wáìnì kan pamọ́, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí tó fi máa pé ọgọ́rùn-ún ọdún, láti ìgbà yẹn kò sí ọdún kan tí wọn ò gbé tọdún yẹn sílẹ̀, àgbá wọn tò lọ rẹrẹ, wọ́n kọ ọdún sára wọn. Èmi tí mo mọ ẹmu tó jẹ́ pé tó bá di ọjọ́ kejì ó ti kan! Wọ́n fa tọdún tí wọ́n bí mi látinú àgbá, ìwọ̀nba tí wọ́n bù ò tó ẹnu méjì, ó ki bí oyin, tí mo bá yí ife báyìí ńṣe ló ń rọra ṣàn padà sísàlẹ̀, ó ń ta sánsán bí èso gbígbẹ. Ara ẹ̀ máa ń fà gbẹ lọ́dọọdún nínú àgbá ni, ìyẹn ló fi ń ki sí i. Mi ò tu ú dànù o.

Torí àwọn ibòmíì, wọ́n á gbé korobá kékeré síwájú yín kẹ́ ẹ tọ́ ọ wò kẹ́ ẹ tu ú, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Àbúrò mi tó ń wa mọ́tò ò tiẹ̀ fẹnu kàn án rárá, òfin wọn ni pé ọtí inú ẹ̀jẹ̀ awakọ̀ ò gbọdọ̀ tó ìwọ̀n 0.05, àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ ò sì mọ ẹ̀gbọ́n mọ àbúrò. Ní Whispering Wall, ògiri ìsédò tó tẹ̀ kọrọdọ nítòsí Williamstown, mo wà lápá kan, òun wà lódì kejì, ó lé ní 100 mítà síra wa, mo kàn gbọ́ létí mi ketekete: "Ẹ̀gbọ́n mi, ebi ń pa mí o, ọtí yín yìí ò lè yó mi." Tẹ́ ẹ bá ní ọ̀rọ̀ ẹbí ọkọ sọ, ẹ má sọ ọ́ níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tò ju ibi mẹ́ta lọ lọ́jọ́ kan, tó bá ti ń di ìkẹrin ahọ́n ò mọ nǹkan kan mọ́. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń gbowó kẹ́ ẹ tó tọ́ wáìnì wò, àwọn kan á yọ owó yẹn fún yín tẹ́ ẹ bá ra ìgò. Tó bá jẹ́ Sátidé, ẹ kọ́kọ́ yà sọ́jà àwọn àgbẹ̀ l'Angaston láàárọ̀ kẹ́ ẹ jẹun sínú. Ti ọdún ìbí ní Seppeltsfield yẹn, ẹ tètè gbàyè sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó gbéra, ó wọ́n díẹ̀ ṣá o.