Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ so mítà mọ́ bátìrì ọkọ̀ gọ́ọ̀fù

Ẹ̀yin àbúrò mi, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wá ṣe SIWES, ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí jù ni bí a ṣe ń so mítà fóltì, èyí tó ń fi bí iná bátìrì ṣe kù sí hàn, mọ́ ọkọ̀ gọ́ọ̀fù, ọkọ̀ kékeré tó ń fi bátìrì rìn. Síso rẹ̀ kò le, wáyà méjì péré ni. Ohun tó le ni kí ẹ mọ ibi tí wáyà méjèèjì máa lọ, kí ẹ sì mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ gba ohun tí mítà bá wí gbọ́.

Lọ́dọ̀ wa ní Adó-Èkìtì níbí, orí pápá gọ́ọ̀fù kọ́ la ti sábà ń rí ọkọ̀ yìí. Òtẹ́ẹ̀lì fi ń gbé àlejò, wọ́n ń lò ó nínú ọgbà ilé ìwé, wọ́n ń fi kó ẹrù níbi ayẹyẹ ńlá. Ẹ sì mọ bí ilẹ̀ wa ṣe rí: ẹ kò tíì sọ̀kalẹ̀ òkè kan tán tí òmíràn ti dé. Ọkọ̀ tó lè rìn látàárọ̀ dalẹ́ lórí ilẹ̀ títẹ́jú lè má rí ọ̀sán lọ́dọ̀ wa kó tó máa wọ́. Ìdí nìyẹn tí awakọ̀ fi ń fẹ́ mítà níwájú ara rẹ̀.

Kí ẹ tó ra mítà, ẹ ṣí àga sókè, kí ẹ wo irú bátìrì tó wà níbẹ̀. Mẹ́fà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fóltì 6, fóltì 36 ni gbogbo rẹ̀. Mẹ́fà tó jẹ́ fóltì 8, tàbí mẹ́rin tó jẹ́ 12, fóltì 48 ni. Tí ohun tí wọ́n kọ sára bátìrì bá ti pa rẹ́, ẹ ka ihò tí wọ́n ń gbà da omi sí i. Ihò kan, fóltì 2. Ásíìdì lè jẹ bébà ara bátìrì tán, kò lè jẹ ihò.

Ńṣe ni wọ́n so gbogbo wọn tẹ̀lé ara wọn, pósítífù ti èyí mọ́ négétífù ti ìyẹn. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, orí méjì ló máa kù tí kò bá bátìrì mìíràn so: pósítífù kan ní ìbẹ̀rẹ̀, négétífù kan ní ìparí. Àárín àwọn méjì yìí ni mítà ń wò.

Rewáyà tó ti pẹ́ nídìí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ máa ń fẹ́ fi négétífù mítà gún bọ́dì, bó ṣe ń ṣe sí Corolla. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ gọ́ọ̀fù, bọ́dì kò sí nínú ọ̀rọ̀ iná rárá. Wáyà ni iná ń gbà lọ, wáyà ló ń gbà bọ̀. Tí ẹ bá so ó mọ́ irin ìdí àga, mítà lè má tàn, ó sì lè máa wí ìsọkúsọ.

Àwọn mìíràn á ra mítà fóltì 12 tó wọ́pọ̀ lọ́jà, wọ́n á so ó mọ́ bátìrì kan ṣoṣo nínú mẹ́rin, wọ́n á ní bí èyí bá ṣe wà náà ni àwọn yòókù á wà. Èmi ò gbà. Bátìrì tí wọ́n jọ rà lọ́jọ́ kan náà kì í gbó pọ̀. Tí wọ́n bá tún wá gbé rédíò àti iná lé ọ̀kan náà lórí, òun ni á kọ́kọ́ kú, á sì kó bá àwọn tó kù. Ohunkóhun tó bá ń jẹ fóltì 12, ẹ ra rìdúsà tó ń sọ 48 di 12 fún un, kí gbogbo bátìrì jọ rù ú.

Mítà tí ẹ máa rà, kí agbára rẹ̀ tó fóltì 80 tàbí 100. Tí ṣájà bá ń ṣiṣẹ́, bátìrì 48 lè gun òkè dé 60, kó tilẹ̀ kọjá á. Mítà tí kò lè kọjá 30 á jó lójú yín.

Ó ku ọ̀rọ̀ ààbò. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ fóltì 48, súìṣì kan wà lábẹ́ àga tí wọ́n kọ Tow (ìgbà tí wọ́n bá ń fa ọkọ̀) àti Run (ìgbà tó bá ń rìn) sí. Ẹ gbé e sí Tow. Ẹ bọ́ òrùka, ẹ bọ́ aago. Ẹ wé tépù mọ́ ọwọ́ sípánà yín títí ó fi ku ẹnu rẹ̀ nìkan. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí sípánà 13 já bọ́ lọ́wọ́ ẹnìkan, tó dábùú orí bátìrì méjì. Ó dún gbàmù, iná fọ́n, sípánà sì lẹ̀ mọ́bẹ̀. Nígbà tí a fi igi gbá a kúrò, ẹnu rẹ̀ ti jẹ, òjé orí bátìrì kan sì ti yọ́ wá sílẹ̀. Ẹ má sì ṣe iṣẹ́ yìí nígbà tí bátìrì ń gba ṣáàjì tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á tán, torí gáàsì tó ń jáde lára rẹ̀ lè gbiná.

Wáyà pósítífù mítà, fíúsì ni kó kọ́kọ́ bá, kí fíúsì náà sì wà nítòsí orí bátìrì, kì í ṣe lókè lẹ́yìn mítà. Áńpù 1 tó. Kì í ṣe mítà ni à ń dáàbò bò, wáyà ni. Tí wáyà tín-ín-rín yẹn bá họ lọ́nà, tó kan wáyà négétífù, bátìrì lè da ọgọ́rọ̀ọ̀rún áńpù sínú rẹ̀. Láti ibi fíúsì, ẹ mú un gba ojú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ní ẹsẹ̀ súìṣì tí iná máa ń dé nígbà tí wọ́n bá yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ fi mítà ọwọ́ wá ẹsẹ̀ náà, ẹ má fojú dá a. Tí wọ́n bá gbé ọkọ̀ ilé ìwé sílẹ̀ nígbà ìsinmi, mítà tó ń tàn tọ̀sán-tòru á máa fa bátìrì díẹ̀díẹ̀ títí ilé ìwé á fi wọlé padà. Ihò tí wáyà bá gbà kọjá lára irin, ẹ fi róbà sí i.

Ọ̀rọ̀ gan-an wá kù, ìyẹn kíka mítà. Awakọ̀ á rí 48, á ní bátìrì kún, torí 48 ni wọ́n ń pe ọkọ̀ rẹ̀. Kò kún o. Bátìrì olómi tó kún, tó sì ti sinmi, nǹkan bí 50.9 ló yẹ kó fi hàn. Tó bá ti di 48.4, ó ti tó ìdajì, ẹ yáa gbé e lọ sídìí ṣájà. Lára ọkọ̀ 36, 38.2 ni ó kún, 36.3 ni ìdajì.

Ẹ kíyè sí i pé mo ní tó ti sinmi. Ẹ jókòó ti awakọ̀ nígbà tó bá ń gun òkè pẹ̀lú èrò mẹ́rin: mítà tó wà ní 50 nísàlẹ̀ lè já sí 46 láàárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, awakọ̀ á pariwo pé bátìrì ti lọ. Ẹ ní kó dúró lókè, kó pa á. Kò ní pẹ́ tí nọ́ńbà á fi máa gòkè padà, 48, 49. Nọ́ọ̀sì kì í wọn ìfúnpá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré dé; á ní kó jókòó, kó mí ná. Bátìrì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nídìí ṣájà náà ń parọ́, á máa pe 53 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fún un ní wákàtí díẹ̀. Bí iná bá lọ lóru tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, mítà àárọ̀ ló máa tú àṣírí pé ṣáàjì kò parí.

Síbẹ̀, jíjá orí òkè yẹn wúlò. Tí mítà bá ń já ju bó ṣe ń já tẹ́lẹ̀ lọ lórí òkè kan náà, ẹ fura sí bátìrì kan. Kí ẹnìkan máa tẹ ọkọ̀, kí ẹnìkejì máa fi mítà ọwọ́ yẹ bátìrì wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Lára àwọn onífóltì 8, ẹ ó rí márùn-ún tó dúró ní 7.7, ọ̀kan á já sí 6. Òun ni ọ̀daràn. Ní ìdúró, ó lè ti bá àwọn yòókù dọ́gba.

Tí ẹ bá bá bátìrì lithium pàdé, èyí tí kì í ṣe olómi, gbogbo nọ́ńbà tí mo kà sílẹ̀ yìí kò bá a mu. Fóltì tirẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan títí ó fi fẹ́ tán, á sì já lẹ́ẹ̀kan náà. Mítà tó ń ka áńpù tó wọlé àti èyí tó jáde ni kí ẹ rà fún un. Shunt rẹ̀, ìyẹn irin tí mítà náà fi ń wọn áńpù tó ń kọjá, ojú wáyà négétífù àgbà ni kí ẹ so ó sí, kí gbogbo iná gba inú rẹ̀ kọjá, ti ṣájà náà pẹ̀lú.