Schwermut ní Hamburg, ara wúwo n'Íbàdàn

Oṣù Kọkànlá àkọ́kọ́ tí mo lò ní Hamburg, nílẹ̀ Jámánì, ni obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ wo ojú mi títí, ó ní Schwermut ló ń ṣe mí. Mo mọ schwer: ohun tó bá wúwo ni. Mut tí mo mọ̀ ni ìgboyà. Irú ìgboyà wo ló wá ń wúwo? Ó ní láyé àtijọ́, ọkàn èèyàn ni wọ́n ń pè ní Mut. Ọkàn tó wúwo ni.

Nígbà tí oṣù Kejìlá dé, ó yé mi dáadáa. Oòrùn ò yọ títí di nǹkan bí aago 8:30 àárọ̀. Aago 4 ìrọ̀lẹ́, ó ti wọ̀. Òkùnkùn ni mo ń bá lọ síbi iṣẹ́, òkùnkùn ni mo ń bá bọ̀. N'Íbàdàn, ojúmọmọ tó kúrú jù lọ́dún ṣì ń sún mọ́ wákàtí 12.

Mo lọ rí dókítà. Kò ní kí n mọ́kàn le. Ó kọ ìwé ìsinmi ọ̀sẹ̀ 2 fún mi. Èyí tó kan ọ̀gá mi níbẹ̀ ò dárúkọ àìsàn kankan, owó oṣù mi sì pé.

Nílé ńkọ́? Nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí kì í fẹ́ dìde lórí ibùsùn mọ́, "ṣe bí ọkùnrin" làwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọ fún un. Ẹni tó bá dárúkọ Aro, ilé ìwòsàn ọpọlọ, èébú ni. Bẹ́ẹ̀ Aro yẹn gan-an, l'Abẹ́òkúta, ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo ti jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín ará abúlé láti ọdún 1954, pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó ṣì ń dùn mí pé àbùkù la sọ orúkọ ibẹ̀ dà.

Ṣùgbọ́n wọn ò fi ẹ̀gbọ́n bàbá mi sílẹ̀ ní òun nìkan rí. Ìyá ẹlẹ́kọ ò ní kọjá láìdúró: "Bàbá, ojú yín ò jọ ti àná." Lọ́jà Bódìjà, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ẹrù yìí" ti tó, ẹni tí o ò mọ̀ rí á na ọwọ́. Fún odidi ọ̀sẹ̀ 2 ní Hamburg, ẹnikẹ́ni ò kan ilẹ̀kùn mi. Wọn ò fẹ́ dí mi lọ́wọ́ ìsinmi ni, mo sì gbà pé ọ̀wọ̀ ni. Ọjọ́ Àìkú ló le jù, tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù tì pa.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin n'Íbàdàn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ara mi wúwo."

"Ṣé o ti lo oògùn ibà?"

"Kì í ṣe ibà, mà. Ọkàn ni."

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ níbẹ̀ yẹn?"