Ewédú Inú Yàrá: Ohun tí Mo Rí nípa Ìmọ́lẹ̀ àti Òkùnkùn ní Kubwa, Abuja

Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú Oṣù Kọkànlá tó kọjá, bàbá onílé wa kan ilẹ̀kùn mi. Wọn kì í sábà gòkè wá sí ọ̀dọ̀ wa lálẹ́, nítorí náà ni àyà mi ṣe já díẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn, mo gbé àga fún wọn, ṣùgbọ́n wọn kò jókòó. Wọ́n ní, "Táyọ̀, àwọn ará àdúgbò ń sọ pé iná elésè-àlùkò kan ń tàn nínú yàrá rẹ lójoojúmọ́ títí di aago mẹ́wàá alẹ́. Kí ni o ń gbìn sínú ilé mi?"

Mo mọ ohun tí wọ́n ń bèèrè gan-an, bí wọn kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wọlé, ẹ wá fi ojú ara yín rí i." Mo mú wọn lọ sí yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn, níbi tí ike ọ̀dà mẹ́sàn-án wà lórí pákó: ewédú ní mẹ́fà, ẹ̀fìnrìn ní méjì, ata rodo ní ẹyọ kan. Bàbá bẹ̀rẹ̀, wọ́n já ewé kan, wọ́n fi ìka méjì rún un títí ó fi ń yọ̀, tí ó sì ń fà. Wọ́n gbé e sí imú. Wọ́n ní, "Ewédú ni lóòótọ́," ẹ̀rín sì gba ẹnu wọn. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n ti bèèrè ibi tí mo ti rí irúgbìn.

N kò bínú sí ẹni tó lọ sọ fún wọn. Láti Oṣù Kẹwàá ọdún 2018 ni òfin orílẹ̀-èdè Kánádà ti fi àyè gba ilé kọ̀ọ̀kan láti gbin ìdí igbó mímu mẹ́rin fún ìlò ara wọn, àwòrán irú iná yìí lórí igbó sì kún orí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ènìyàn bá rí iná náà láti ojú fèrèsé, igbó ni ọkàn rẹ̀ yóò kọ́kọ́ lọ sí. Ní Nàìjíríà, òfin kò fi àyè gba kí ẹnikẹ́ni gbin igbó, ìbáà ṣe oko ńlá tàbí ìkòkò kan, àjọ NDLEA tí ìjọba sì dá sílẹ̀ ní ọdún 1989 ni ó ń dọdẹ àwọn tó bá ń ṣe é. Ẹ̀fọ́ ni èmi ń gbìn, ẹni tó bá sì fẹ́ gbin ẹ̀fọ́ sínú ilé ni mo ń bá sọ̀rọ̀ níhìn-ín.

Ìdí tí iná náà fi ní àwọ̀ elésè-àlùkò kò le. Ewé máa ń lo ìmọ́lẹ̀ pupa àti ìmọ́lẹ̀ búlúù ju ìyókù lọ láti fi ṣe oúnjẹ ara rẹ̀. Ó máa ń dá púpọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé padà, ohun tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ lójú wa nìyẹn. Àwọn tó ń ṣe iná náà wá kó pupa àti búlúù nìkan pọ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí bàbá onílé lọ tán, mo pààrọ̀ rẹ̀ sí gílóòbù LED funfun, nítorí pé pupa àti búlúù wà nínú funfun pẹ̀lú, àti pé lábẹ́ iná elésè-àlùkò, gbogbo ewé ló dà bí ewé dúdú, tí ènìyàn kò fi ní tètè mọ èyí tó ń pọ́n tàbí èyí tí kòkòrò ti bà lé. Ó yẹ kí n ti ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì ni a ń gbé, a kò ní ilẹ̀ tí ó tó ẹsẹ̀ méjì. Ní Abuja, òjò máa ń dáwọ́ dúró ní ìparí Oṣù Kẹwàá, kò sì ní padà dé dáadáa títí di Oṣù Kẹrin. Láàárín àkókò yẹn, ewédú ọjà máa ń wọ́n, èyí tí a bá sì rí rà lọ́sàn-án yóò ti rọ kí a tó gbé e délé. Ìlú Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti tọ́ mi, níbi tí ìyá mi ti ń gbin ewédú sí ẹ̀yìn balùwẹ̀ kí omi ìwẹ̀ lè máa rin ín. Ewédú tí a já ní ìdajì wákàtí kí a tó fi ìjábẹ̀ lù ú ni mo mọ̀ sí ewédú, ebi rẹ̀ sì ń pa mí.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn èṣí ni mo kọ́kọ́ gbìyànjú, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé pálọ̀ ni mo sì gbé àwọn ike náà sí, nítorí pé pálọ̀ wa mọ́lẹ̀ rekete lójú mi. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ewédú náà ti ga fíofío, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹyọ ìgbálẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì dorí kọ fèrèsé bí ẹni tó ń wá ọ̀nà àbájáde. Ojú wa ni ó ń tàn wá jẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí a bá fi ẹ̀rọ wọn ìmọ́lẹ̀, oòrùn ọ̀sán gangan níta lè tó 100,000 lux, nígbà tí yàrá tí à ń pè ní yàrá tó mọ́lẹ̀ lè má ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ. Ojú ènìyàn máa ń là sí i nínú ilé, kì í jẹ́ kí a mọ ìyàtọ̀ náà, ṣùgbọ́n ewé mọ̀ ọ́n. Ohun ọ̀gbìn tí ìmọ́lẹ̀ kò tó máa ń kó gbogbo agbára rẹ̀ sínú gíga, kí orí rẹ̀ lè yọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kò sì ní rí èyí tí yóò fi ṣe ewé.

Nítorí náà ni mo ṣe ra iná. Nígbà tí iná dé tán, mo tún bá ìṣòro kejì pàdé, òun gan-an ni ó sì mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ewédú mi kò tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́, igi rẹ̀ le, ewé rẹ̀ dú, ṣùgbọ́n kí ó tó ga tó ìbú ọwọ́ méjì ni ó ti yọ òdòdó yẹ́lò. Ewédú tó bá ti tanná ti parí iṣẹ́ ewé ṣíṣe. Èso gígùn ni yóò máa so, ewé rẹ̀ yóò sì kéré, yóò le lẹ́nu. Mo pe ìyá mi lórí fóònù. Wọ́n ní, "Àjàní, oṣù wo ni o gbìn ín?" Mo ní Oṣù Kọkànlá ni. Wọ́n ní, "Kí ni o wá ń bèèrè? Ewédú ẹ̀ẹ̀rùn kì í dàgbà kó tó so. Ti òjò ni à ń já títí."

Mo rò pé omi ni wọ́n ń sọ, mo sì ń bomi rin ín sí i. Omi kọ́. Ní ọdún 1920, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Garner àti Allard, tẹ ìwádìí kan jáde lórí irú tábà kan tí ó kọ̀ láti tanná ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, níbi tí ọjọ́ ti gùn. Wọ́n fi hàn pé gígùn ọ̀sán àti òru ni ohun ọ̀gbìn náà ń kà, tí ó sì fi ń mọ ìgbà tí yóò tanná. Àwọn kan máa ń tanná nígbà tí òru bá gùn. Ewédú wà nínú wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni ilá. Ní Abuja, ọ̀sán Oṣù Kẹfà ju wákàtí 12 àti ààbọ̀ lọ díẹ̀, ti Oṣù Kejìlá kò sì pé 12. Lójú wa, ìyàtọ̀ wákàtí kan kò já mọ́ nǹkan kan. Lójú ewédú, òun ni ìyàtọ̀ láàárín kí á máa dàgbà nìṣó àti kí á tètè so kí ọdá tó pa wá. Bí iná mi ṣe ń tàn láti àárọ̀ di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ péré ní èṣí, òru Oṣù Kejìlá ni mo ń fún un nínú yàrá láìmọ̀. Ohun tí ìyá mi ti mọ̀ láti orí ebè ni àwọn méjèèjì yẹn wá kọ sínú ìwé.

Mo ra aago kékeré kan tí a máa ń ki bọ ojú iná ògiri, tí ó máa ń tan iná tí ó sì máa ń pa á fúnra rẹ̀. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni ó ń tàn án, aago mẹ́wàá alẹ́ ni ó ń pa á. Wákàtí 14 nìyẹn. Láti ìgbà náà, ewédú tí mo gbìn ní Oṣù Kẹwàá kò tíì yọ òdòdó kan. Mo ti já orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ń yọ ẹ̀ka sí i ní gbogbo ibi tí mo ti já a.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fojú kékeré wo irúgbìn. Èèpo hóró ewédú le, omi kì í tètè wọ inú rẹ̀, bí a bá sì kàn fọ́n ọn sílẹ̀, díẹ̀ ni yóò hù. Ìyá mi ló kọ́ mi ní ti omi gbígbóná: ẹ di irúgbìn sínú aṣọ fẹ́lẹ́ kan, ẹ gbé omi kaná títí yóò fi hó, ẹ gbé e sọ̀, ẹ ri aṣọ náà bọ inú rẹ̀, ẹ ka oókan sí márùn-ún, kí ẹ sì yọ ọ́ kíá sínú omi tútù. Bí ó bá pẹ́ jù, ó ti jinná nìyẹn. Ẹ sá a sínú ilé kí omi ara rẹ̀ gbẹ, kí ẹ tó pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ, nítorí hóró náà kéré púpọ̀, iyanrìn kì í sì í jẹ́ kó ṣù jọ sí ojú kan.

Ọ̀rọ̀ omi dùn mí, nítorí pé ọwọ́ mi ni mo fi pa ata rodo àkọ́kọ́ tí mo gbìn. Mo ń bu omi sí i láràárọ̀, n kò sì lu ìdí ike ọ̀dà náà. Nígbà tí ewé rẹ̀ rọ, mo ṣe bí ẹni pé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, mo tún bu omi sí i. Nígbà tí mo fà á tu, gbòǹgbò rẹ̀ ti dúdú, ó ti rà, ó sì ń rùn. Gbòǹgbò ń mí bí àwa náà ṣe ń mí. Bí omi bá kún gbogbo àlàfo inú iyẹ̀pẹ̀, afẹ́fẹ́ kò ní ríbi gbà, gbòǹgbò yóò sì kú kí ewé tó mọ̀. Ní báyìí, ihò márùn-ún ló wà ní ìdí ike kọ̀ọ̀kan, mo sì máa ń ki ìka bọ iyẹ̀pẹ̀ dé oríkèé kejì. Bí ó bá ṣì tutù níbẹ̀, n kò ní bu omi. Ilẹ̀dú, ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà fún oṣù mélòó kan, àti èèpo ìrẹsì ni mo pò pọ̀. Èèpo ìrẹsì ni kì í jẹ́ kí ó ki pọ̀ jù. Ìgbẹ́ adìẹ tútù yóò jó gbòǹgbò, òórùn rẹ̀ yóò sì lé ìyàwó ẹni jáde.

Ọyẹ́ ni ọ̀tá tí àwọn ará Èkó kò ní mọ̀ tó wa. Nínú Oṣù Kejìlá àti Oṣù Kìíní, eruku máa ń bo ewé nínú ilé, bí a tilẹ̀ ti fèrèsé, eruku náà sì máa ń dínà ìmọ́lẹ̀. Mo máa ń fi aṣọ tútù nù ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ yẹn tún máa ń fa kòkòrò pupa wínníwínní kan tí ó ń ta òwú bí aláǹtakùn sí abẹ́ ewé. Omi tí a wọ́n sí abẹ́ ewé dáadáa, àti òróró dóńgóyárò díẹ̀ tí a pò mọ́ ọṣẹ olómi, ni mo fi ń lé e. Fáànù kékeré kan ń fẹ́ sí wọn díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú, kí igi wọn lè le bí èyí tí atẹ́gùn ìta ń mì.

Ẹ ó bèèrè owó iná. Gílóòbù méjì ni mo ń lò, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 30. Fún wákàtí 14 lójúmọ́, ó jẹ́ yúnítì 25.2 láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Ní iye ₦225 fún yúnítì kan, tí ìjọba kéde fún àwọn Band A (àwọn tó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún ogún wákàtí ó kéré tán lójúmọ́) ní Oṣù Kẹrin ọdún 2024, ₦5,670 nìyẹn nígbà náà. Fún ewédú nìkan, owó náà pọ̀, n kò sì ní tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹni tí kò bá fẹ́ náwó lórí iná rárá, kí ó gbin gbúre sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Gbúre lè fara da ibòji, ẹ̀ka tí a bá sì gé ti ọjà kì bọlẹ̀ yóò hù. Tẹ̀tẹ̀ fẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó ju agbára gílóòbù mi lọ. Tòmátì ni kí ẹ jẹ́ kí àwọn ará oko máa bá wa gbìn.

Irúgbìn mi ti ń tán báyìí, ewédú tó wà lábẹ́ iná kò sì lè fún mi ní òmíràn, nítorí pé kò mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀rùn ti dé. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo gbé ike méjì jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níta, níbi tí òru ti gùn, tí kò sí iná kankan. Ní àárọ̀ yìí, mo rí ìrudi òdòdó kéékèèké mẹ́ta lórí ọ̀kan nínú wọn. Bàbá onílé ti ní kí n fi díẹ̀ pamọ́ fún àwọn nínú èso rẹ̀ bí ó bá gbó.