Ọmọ mi ní òfurufú lòun fẹ́ fi ṣe ọjọ́ ìbí: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Ọjọ́ Sátidé, February 1, 2025 ni àbíkẹ́yìn mi pé ọmọ ọdún méje, ó sì ti tó oṣù mẹ́ta ṣáájú ìgbà yẹn tó ti ń sọ fún mi pé òun ò fẹ́ páàtì ọmọ ọba, òfurufú lòun fẹ́, òun fẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì, òun fẹ́ òṣùpá, òun fẹ́ Sátọ̀n tó ní òrùka. Mo ní kò burú. Ìbàdàn là ń gbé, n ò sì tíì rí ẹni tó ṣe irú ẹ̀ ládùúgbò wa rí, mo bá bọ́ sórí fóònù, mo ń wo àwòrán páàtì àwọn òyìnbó, gbogbo ẹ̀ dúdú pẹ̀lú fàdákà, fèrè ń léfòó lókè àjà, ẹ̀rọ ń tú èéfín, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lísítì. Ibi tí owó mi lọ àti ibi tí àwọn ọmọ ti gbádùn ara wọn, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Àwọn ìyá bíi mẹ́ta ti bi mí léèrè lẹ́yìn náà, ìyẹn ni mo ṣe ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ lórí aṣọ. Mo ti ra yáàdì mẹ́wàá aṣọ dúdú ní Gbági, mo fẹ́ fi bo ògiri pálọ̀ kó lè dà bí òru. Mọ́mì mi dé láti Abẹ́òkúta lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, wọ́n bá mi lórí àga níbi tí mo ti ń gbé e kọ́, wọn ò tíì jókòó tí wọ́n fi bi mí pé kí ló dé, ṣé ẹnì kan kú ni. Mo ní, "Rárá o, Mà, òfurufú ni, alẹ́ ni mo fẹ́ kó jọ." Wọ́n ní ọmọ ń ṣe ọjọ́ ìbí, èmi wá ń fi aṣọ ọ̀fọ̀ bo ilé, pé ta ló tiẹ̀ sọ fún mi pé ojú sánmọ̀ dúdú lálẹ́, kí n jáde kí n lọ wò ó dáadáa, aró ni. Mo jáde lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo wò ó, òótọ́ ni wọ́n sọ. Wọ́n wá pe àbúrò mi nílé pé kó ṣí àpótí àwọn, kó fi adìrẹ oníko wọn kan ránṣẹ́ ní gáréèjì, èyí tí wọ́n ń pè ní òṣùbàm̀bà. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ṣe ni wọ́n máa ń fi ìko di aṣọ funfun ní róbótó róbótó kí wọ́n tó rì í sínú aró, ibi tí wọ́n bá dì kò ní mu aró, tí wọ́n bá wá tú u, òṣùpá funfun ńláńlá á yọ, àwọn kéékèèké á tò sáàárín wọn. Nígbà tá a gbé e kọ́ ògiri tá a sì fi iná Kérésì oníbátìrì sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, mo kàn jókòó ni mo ń wò ó. Gbogbo ọmọ tó wọlé lọ́jọ́ Sátidé ló lọ dúró síwájú ẹ̀, wọ́n ń ka òṣùpá, mo wá sọ fún wọn pé pílánẹ́ẹ̀tì Júpítà ní òṣùpá tó lé ní 90, wọ́n ní irọ́ ni, wọ́n tún padà lọ kà á. Aṣọ dúdú yẹn ṣì wà nínú wọ́dúróòbù mi títí dòní.

Fèrè onígáàsì, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fẹ́ ẹ sílẹ̀ kó tó di ọjọ́ páàtì gan-an. Ọjọ́ Fúráìdeè ni wọ́n gbé tèmi wá, owó ẹ̀ kì í ṣe kékeré, nígbà tó fi máa di aago méjì ọ̀sán Sátidé púpọ̀ nínú wọn ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Gáàsì hílíọ́ọ̀mù máa ń jò gba ara rọ́bà yẹn jáde ni, kì í fi bẹ́ẹ̀ ju ọjọ́ kan lọ, ooru ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ò sì ràn án lọ́wọ́.

Èyí tó dùn mí jù ni ẹ̀rọ èéfín. Mo háyà ẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó máa tàn án, inú pálọ̀ tí wíńdò ẹ̀ wà ní títì nítorí ẹ́síì ló ti tàn án, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí ọmọ kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ọmọ náà ní ásímà, mi ò mọ̀ torí mi ò béèrè lọ́wọ́ ìyá ẹ̀. A sáré gbé e jáde sí ìta, ínhélà ẹ̀ wà nínú báàgì ẹ̀, Ọlọ́run ṣe é ara ẹ̀ balẹ̀, ó sì padà ṣeré, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n títí ó fi di ìrọ̀lẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí ẹ bá ń ránṣẹ́ pe àwọn òbí, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè méjì: ṣé ọmọ yín ní ásímà, ṣé ẹ̀pà tàbí nǹkan míì wà tí ara ẹ̀ ò gbà. Èéfín, ẹ fi sílẹ̀ pátápátá. Mo tún rí fídíò kan tí wọ́n ti ń fi ọ̀rá nylon ṣe ojú ìbòrí àwọn tó ń lọ sí òfurufú, ẹ má dán an wò, ọ̀rá àti imú ọmọdé ò gbọ́dọ̀ pàdé. Páálí la fi ṣe tiwa, a gé ojú ẹ̀ sílẹ̀ gbàgàdà, a fi fóìlì wé e. Aṣọ òfurufú tí mo rà fún ọmọ mi gan-an, ìdajì wákàtí ló lò ó, ó làágùn dé inú bàtà, ó ní kí n bá òun bọ́ ọ.

Ọmọ mẹ́rìnlá ni mo pè. Mẹ́tàlélógún ló wá, nítorí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò máa ń tẹ̀ lé wọn, bó ṣe rí nílé wa nìyẹn, ẹ kúkú fi kún iye oúnjẹ àti ẹ̀bùn látìbẹ̀rẹ̀ kí ọmọ kankan má baà lọ lọ́wọ́ òfo. Ní ti oúnjẹ, mi ò ṣe nǹkan tuntun: pọ́fùpọ́fù ni pílánẹ́ẹ̀tì, kúlíkúlí ni òkúta òṣùpá (ìyẹn ni mo ṣe ní kẹ́ ẹ béèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀pà), a gé ṣinṣín bí ìràwọ̀, zóbò sì ni epo rọ́kẹ́ẹ̀tì. Orúkọ tá a fún wọn yẹn nìkan ti tó, ọmọ tí kì í jẹ kúlíkúlí nílé ń bèèrè òkúta sí i. Kéèkì ló gbówó jù nínú gbogbo oúnjẹ, alájà mẹ́ta, aláwọ̀ búlúù.

Rọ́kẹ́ẹ̀tì wá ńkọ́? Mo lọ tọrọ páálí fìríìjì méjì lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta á, wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, a tò ó léra wọn, a gé ilẹ̀kùn sí i, mo kó kíréyọ́ọ̀nù sílẹ̀ mo sì fi àwọn ọmọ sílẹ̀ níbẹ̀, wákàtí kan gbáko ni mi ò fi gbúròó wọn. Èyí tó ń fò gan-an, fèrè lásán la fi ṣe é: ẹ fa okùn tẹ́ẹ́rẹ́ láti ara igi kan dé òmíràn, ẹ ti kọ́kọ́ ki sitíróò kan bọ̀ ọ́, ẹ fẹ́ fèrè kẹ́ ẹ fọwọ́ di ẹnu ẹ̀, ẹ fi séló lẹ̀ ẹ́ mọ́ sitíróò, kẹ́ ẹ wá jọ̀wọ́ ẹnu ẹ̀. Afẹ́fẹ́ á tú jáde lẹ́yìn, fèrè á sì sá lọ síwájú fíìì. Bí rọ́kẹ́ẹ̀tì gidi ṣe ń ṣe náà nìyẹn, iná àti gáàsì tó ń tú jáde nídìí ẹ̀ ló ń tì í lọ sókè, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Kí rọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbéra, a gbọ́dọ̀ kà á sẹ́yìn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní èdè òyìnbó, mọ́mì mi bá ní kí wọ́n kà á ní Yorùbá. Ariwo rọlẹ̀. Wọ́n lè kà á láti orí ení dé orí ẹ̀wá, ṣùgbọ́n kí wọ́n kà á padà bọ̀, mẹ́wàá, mẹ́sàn-án, wọ́n á dúró, ẹlòmíì á lọ kà á látìbẹ̀rẹ̀ kó tó mọ èyí tó kàn. Mọ́mì mi bá sọ ọ́ di eré, ẹni tó bá kà á sẹ́yìn láì ṣì í ló máa jọ̀wọ́ fèrè. Láàárín ogún ìṣẹ́jú gbogbo wọn ti mọ̀ ọ́n, wọ́n ń pariwo ẹ̀ débi tí àwọn ará ilé kejì fi yọjú: márùn-ún, mẹ́rin, mẹ́ta, méjì, ọ̀kan, ó yá! Mo tún gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ mi nínú ilé ìwẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni rírìn tá a rìn. Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni mo fi ṣe oòrùn, ìdábùú ẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 22. Tí oòrùn bá kéré tó bọ́ọ̀lù, ayé tí gbogbo wa wà lórí ẹ̀ yìí ò ní ju hóró jéró kan lọ, mìlímítà méjì péré, torí ayé 109 lẹ máa tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kó tó bo ìdábùú oòrùn já. Mo fi séló lẹ jéró kan mọ́ káàdì funfun, mo gbé bọ́ọ̀lù sẹ́nu géètì, mo ní níbo ni kí n gbé ayé sí? Wọ́n gbé e ti bọ́ọ̀lù. Mo ní rárá. Wọ́n sún un díẹ̀, mo ní ẹ ṣì ń bọ̀. Ibi tó yẹ kó wà jẹ́ mítà 24 sí bọ́ọ̀lù, bàbá wọn ti fi téèpù kápẹ́ńtà wọn gbogbo ẹ̀ lálẹ́ Fúráìdeè, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ara fẹ́ǹsì. Fínọ́ọ̀sì wà ní mítà 17, Máàsì ní 36. Àsìkò àgbálùmọ̀ la wà, kóró àgbálùmọ̀ kan la fi ṣe Júpítà, a rìn ín dé mítà 123, nídìí táǹsífọ́mà. Sátọ̀n dé oríta, mítà 226. Nẹ́pítúùnù lé ní 700, ìyẹn ti bọ́ sí títì ńlá, a kàn nawọ́ síbẹ̀ ni. Àgbàlagbà mẹ́ta ló dúró lójú ọ̀nà nítorí ọ̀kadà, ẹ má gbàgbé ìyẹn.

Nígbà tá a padà dé ìdí ayé, ọmọ kan ní òṣùpá ńkọ́. Mo fi ìka mẹ́ta lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ jéró yẹn, mo lẹ hóró iyanrìn kan síbẹ̀, mo ní òṣùpá rèé. Mo ní ìka mẹ́ta yìí ni Neil Armstrong àtàwọn méjì tó bá a lọ fi ọjọ́ mẹ́rin rìn, July 16, 1969 ni wọ́n gbéra, July 20 ni òun àti ẹnì kejì ẹ̀ balẹ̀ síbẹ̀, kò sì tíì sí ọmọ èèyàn tó rìn kọjá àyíká òṣùpá yẹn títí dòní. Gbogbo wọn dákẹ́. Wọ́n ń wo ìka mi, wọ́n ń wo ọ̀nà táǹsífọ́mà. Ọmọ mi ní, "Mọ́mì, ṣé gbogbo ibi tá a rìn yẹn, kò sẹ́ni tó débẹ̀ rí?" Mo ní kò sí.

Ọmọkùnrin kan sọ pé obìnrin kì í wa rọ́kẹ́ẹ̀tì ní tiẹ̀. Mi ò jẹ́ kó kọjá bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún wọn nípa Valentina Tereshkova ará Rọ́ṣíà, tó dá nìkan lọ ní June 1963, àti Mae Jemison, dókítà, obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó dé òfurufú, September 1992. Wọ́n ní ọmọ Nàìjíríà ńkọ́, mo ní èèyàn wa ò tíì lọ, ṣùgbọ́n a ti rán sátẹ́láìtì lọ, NigeriaSat-1 lọ ní 2003, yunifásítì FUTA tó wà ní Àkúrẹ́ ibí náà lọ́wọ́ nínú ọ̀kan tó lọ ní 2017. Nígbà tó di June 2025, Owolabi Salis, lọ́yà ọmọ Yorùbá tó ń gbé Amẹ́ríkà, bá rọ́kẹ́ẹ̀tì ilé iṣẹ́ Blue Origin lọ, ọmọ mi ní kí n pe gbogbo ìyá àwọn ọ̀rẹ́ òun kí n sọ fún wọn, mo sì pè wọ́n lóòótọ́.

Ó ku díẹ̀ kí aago méje lù, àwọn òbí ti ń dé láti wá kó ọmọ wọn, ọyẹ́ ò tíì lọ tán ṣùgbọ́n ojú ọ̀run mọ́ díẹ̀ lápá ìwọ̀ oòrùn. Mọ́mì mi ló kọ́kọ́ rí i. Òṣùpá tuntun tẹ́ẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, ìràwọ̀ ńlá kan ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ gan-an. Wọ́n ní, "Ẹ wá wo àgùàlà o, àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣe bí ajá ẹ̀ ni." Ọmọ mi sá wọlé, ó mú káàdì oní mítà 17 jáde, ó ní, "Grandma, Fínọ́ọ̀sì nìyẹn, kì í ṣe ajá, pílánẹ́ẹ̀tì ni, ó fi ìlọ́po mẹ́ta àtààbọ̀ fẹ̀ ju òṣùpá lọ, ọ̀nà ẹ̀ ló kàn jìn." Mọ́mì mi ní ohun táwọn àgbà ń sọ náà nìyẹn, pé kì í ṣe ajá òṣùpá. Mi ò mọ̀ rárá pé irú ẹ̀ máa ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Tí n bá tún un ṣe, mo máa kọ́kọ́ wo ọjọ́ òṣùpá tuntun kí n tó mú déètì. Àwọn òbí pa ẹ́ńjìnnì mọ́tò, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, àgbà àti ọmọdé dúró lójú títì, wọ́n gbójú sókè, mọ́mì mi ń sọ fún wọn bí wọ́n ṣe máa ń pa àlọ́ fáwọn lábẹ́ òṣùpá nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Ìgbà tí bàbá ọmọ kan béèrè la tó rántí pé kéèkì ṣì wà lórí tábìlì, a ò tíì gé e.